Agbọ́n inú tàbí agbọ́n ìta: èwo ni ká gbára lé lórí eṣinṣin tó ń ba ọkà jẹ́?

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ni ọ̀tá eṣinṣin ọkà tí mo fọkàn tán jù, agbọ́n ni màá dárúkọ. Kì í ṣe agbọ́n tó ń so ilé mọ́ àjà tó ń fi oró ta ọmọdé o. Èyí tí mo ń sọ kéré débi pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju mìlímítà 1 sí 2 lọ, wọn kò sì lè ta ènìyàn. Ẹ lè dúró láàrin wọn ní ọ̀sán gangan kí ẹ má mọ̀, àfi bí ẹ bá tẹjú mọ́ ewé kan pẹ́ títí tí ẹ wá rí ohun dúdú kan tó ń fi ìwo rẹ̀ lu ewé náà tọ́-tọ́-tọ́, bí afọ́jú tó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Ẹyin tàbí ìdin ló ń wá.

Ìtàn kan wà tí mo gbọ́ ní kékeré, pé agbọ́n kì í bímọ: ọmọ kòkòrò mìíràn ló máa ń gbé wọlé, tí á máa kùn sí i létí pé "jọ mí, jọ mí", títí ọmọ ọlọ́mọ yóò fi di agbọ́n. Ẹni tó kọ́kọ́ pa ìtàn yẹn ti rí nǹkan. Ó rí ìdin tó wọlé, ó rí agbọ́n tó jáde. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàrin méjèèjì ni kò rí. Agbọ́n yé ẹyin, ọmọ agbọ́n jẹ ìdin tán, ó wá jáde.

Àwọn kan ń pè é ní afòmọ́, mo sì gbà fún wọn díẹ̀. Ṣùgbọ́n afòmọ́ orí igi fẹ́ kí igi rẹ̀ wà láàyè, torí bí igi bá kú, òun náà gbé. Agbọ́n yìí kò ní irú àánú bẹ́ẹ̀. Ìdin tí ọmọ rẹ̀ bá rí jẹ dàgbà, kíkú ni yóò kú. Ìgbà tí yóò kú nìkan ló yàtọ̀. Ìyàtọ̀ ìgbà yẹn gan-an ni mo fẹ́ fi wéra níbí, nítorí òun ló ń sọ bóyá agbọ́n á gba ọkà ọdún yìí sílẹ̀ tàbí ti ọdún tó ń bọ̀.

Inú ni wọ́n ń gbé, tàbí ìta?

Agbọ́n inú a máa yé ẹyin rẹ̀ sínú ẹyin eṣinṣin, tàbí sínú ìdin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Lẹ́yìn náà, kò sí ohun tó jọ ogun. Ẹyin eṣinṣin á pa bó ṣe yẹ, ìdin á rìn lọ sí ibi tó ń lọ, á jẹun, á sanra. Ọmọ agbọ́n wà nínú rẹ̀, ó kéré, ó dákẹ́, ó ń dúró. Ìgbà tí ìdin bá tóbi tó oúnjẹ ni ọmọ agbọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, tí á jẹ inú rẹ̀ ṣófo. Àwọn agbọ́n tó ń jẹ́ Platygaster ni ògbóǹtagí níbi iṣẹ́ yìí tó bá kan kantíkantí, ìyẹn àwọn eṣinṣin wẹ́wẹ́ inú ọkà.

Agbọ́n ìta kò ní sùúrù yẹn. Abẹ́rẹ́ tó fi ń yé ẹyin le, ó sì mú. Òun ló fi ń gún ara igi ọkà wọlé, tí á fi oró rọ ìdin lápá lẹ́sẹ̀ (ìdin kò ní apá, kò ní ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí mo ń sọ), tí á sì yé ẹyin sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tàbí sí i lára. Ọmọ agbọ́n á lẹ̀ mọ́ ọn láti ìta, á máa fà á mu. Láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé ni ìdin ti ṣíwọ́ oúnjẹ.

Bí a bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn báyìí, ẹni tó ń kánjú á ní ti ìta ló dára jù: kí ló dé tí n ó fi jẹ́ kí ìdin máa jẹ ọkà mi lọ nígbà tí ikú ti wà nínú rẹ̀? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ọ̀rọ̀ ibi ìfarapamọ́ ló yí mi lọ́kàn padà. Ẹyin eṣinṣin ọkà sábà máa ń wà ní gbangba lórí ewé. Ìdin rẹ̀ ni kì í wà ní gbangba. Agbọ́n inú ń bá ọ̀tá pàdé lójú ọ̀nà, kó tó wọlé ti ilẹ̀kùn. Agbọ́n ìta ní láti dúró dè é kó wọlé tán, kó wá máa wá ibi tí ògiri ti tinrin tó abẹ́rẹ́ rẹ̀. Nígbà tó bá fi máa rí i, ìdin ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó fẹ́ jẹ. Kíá tí à ń yìn ín fún kò wá fi bẹ́ẹ̀ yá mọ́.

Ibi tí agbọ́n ìta ti borí ni pé kì í sábà ṣàṣàyàn. Agbọ́n inú ní láti gbé nínú ara ìdin láìjẹ́ kí ara náà pa á, nítorí ara ìdin ní ọmọ ogun tirẹ̀ tó ń dojú kọ àlejò. Torí náà ìwọ̀nba kòkòrò tó mọ̀ bí òun ṣe lè bá gbé ló ń bá gbé. Agbọ́n ìta kò ní ìṣòro yẹn. Ó ti rọ onílé kó tó jókòó. Bí eṣinṣin kan bá wọ́n, ó lè yà sọ́dọ̀ òmíràn. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa rí irú rẹ̀ nínú oko tí kò sí ọkà rárá.

Ẹ̀yà kẹta wà tó ń pa ẹyin kó tó pa rárá. Trichogramma ni gbajúmọ̀ inú wọn, kò sì tó mìlímítà 1. Tí a bá ń fi ẹnu lásán wéra, òun ló yẹ kó gba ipò kìíní: ẹyin kò pa, ìdin kò sí, ọkà kò mọ nǹkan kan. Màá padà sórí rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n ń tà jù, òun náà sì ni wọ́n ń ṣì rà jù.

Ẹ mọ eṣinṣin kí ẹ tó mọ agbọ́n

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ni "agbọ́n wo ni ká wá?" Kò tíì yá. Ẹ kọ́kọ́ mọ eṣinṣin tó wà nínú oko yín, ibi tí ìdin rẹ̀ ń sá sí, àti iye ìran tó ń bí láàrin ìgbà tí ẹ gbìn àti ìgbà tí ẹ kórè. Àtẹ yìí kì í ṣe gbogbo wọn, àwọn tí ẹ lè bá pàdé jù nìyí:

| Eṣinṣin | Irúgbìn | Ibi tí ìdin ń gbé | Agbọ́n tó ń bá a jà |
|---|---|---|---|
| Orseolia oryzivora | ìrẹsì | ọ̀mùnú, nínú ọ̀pá funfun | Platygaster diplosisae (inú), Aprostocetus procerae (ìta) |
| Sitodiplosis mosellana | àlìkámà | lórí hóró, nínú ṣírí | Macroglenes penetrans, Platygaster tuberosula (inú méjèèjì) |
| Mayetiola destructor | àlìkámà, báálì | ìdí igi, lábẹ́ ibi tí ewé wé mọ́ ọn | Platygaster hiemalis (inú), Eupelmus allynii (ìta) |
| Stenodiplosis sorghicola | ọkà bàbà | nínú òdòdó | Aprostocetus diplosidis, Eupelmus popa |
| Atherigona soccata | ọkà bàbà | ọ̀mùnú ọ̀gbìn kékeré | Neotrichoporoides nyemitawus, Trichogramma chilonis (ẹyin) |
| Oscinella frit | óòtì àti ọkà mìíràn | ọ̀mùnú, nígbà mìíràn hóró | Rhoptromeris heptoma, Chasmodon apterus |
| Chlorops pumilionis | báálì, àlìkámà | ọ̀mùnú tó wú | Coelinius niger, Stenomalina micans |

Ẹ má bínú sí àwọn orúkọ Látìn náà. Bí ẹ bá fẹ́ bá ẹni tó mọ̀ nípa kòkòrò sọ̀rọ̀, orúkọ wọ̀nyí ni kò ní jẹ́ kí ẹ sọ àpá kí ó gbọ́ àsà. Mo fẹ́ràn Chasmodon apterus nínú wọn, ẹ jọ̀ọ́: kò ní ìyẹ́, ilẹ̀ ló ń rìn láti ìdí ọkà kan sí òmíràn bí èèrà, ó sì ń rí ìdin tó ń wá.

Kantíkantí ìrẹsì: ibi tí àwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́ pọ̀

Orseolia oryzivora ni kantíkantí ìrẹsì ilẹ̀ Áfíríkà. Ọmọ ìyá rẹ̀ tó wà ní Éṣíà ni Orseolia oryzae. Abo rẹ̀ á yé ẹyin sórí ewé ìrẹsì. Ìdin á pa, á fi ìrì rìn sọ̀kalẹ̀ láàrin ewé títí dé ọ̀mùnú, á jókòó síbẹ̀. Dípò kí ọmọ ìrẹsì yẹn yọ ṣírí, ọ̀pá funfun kan ló máa yọ, ihò ló wà nínú rẹ̀ bí ewé àlùbọ́sà. Ọmọ ìrẹsì tó bá ti di ọ̀pá, kò ní so mọ́ láé.

Ẹ fi bíléèdì la ọ̀pá kan láti ìdí lọ sókè. Bí kò bá sí agbọ́n, ìdin kan ṣoṣo lẹ máa bá nísàlẹ̀, tàbí ọmọ kantíkantí tó ti ń para dà, tó pọ́n díẹ̀, tó máa gun ọ̀pá náà dé òkè kó tó lu ihò jáde. Bí Platygaster diplosisae bá ti ṣe iṣẹ́, awọ ìdin ló kù, ó kún fún ọmọ agbọ́n wẹ́wẹ́ tó há mọ́ra bí hóró ọkà nínú àpò. Ọ̀pọ̀ agbọ́n ló ń jáde láti ara ìdin kan. Ti Aprostocetus procerae yàtọ̀: ọmọ kantíkantí tó ń para dà lẹ máa rí, ó ti rọ, ọmọ agbọ́n kan ṣoṣo ló lẹ̀ mọ́ ọn láti ìta.

Èwo ló dára jù nínú méjèèjì? Platygaster ni mo máa mú, bí a bá fi dandan lé e. Ẹyin tó ń wá wà ní gbangba, bẹ́ẹ̀ ni agbọ́n tó ń jáde láti inú ìdin kan pọ̀ tó láti dojú kọ ìran kantíkantí tó ń bọ̀. Ìran kan kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 lọ, nítorí náà ìran bíi mélòó kan máa wà kí ìrẹsì tó yọ ṣírí. Níbi tí ìran ti pọ̀ báyìí, "ìran tó ń bọ̀" kì í ṣe ọdún tó ń bọ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni, nínú ìrẹsì kan náà. Aprostocetus dà bí ẹ̀ṣọ́ òru: ó ń mú èyí tó bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ọ̀sán.

Àléébù tí àwọn méjèèjì jọ ní ni pé wọ́n ń pẹ́ dé. Kantíkantí á kọ́kọ́ pọ̀, agbọ́n á wá pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ọmọ ìrẹsì púpọ̀ ti di ọ̀pá. Bí ẹ bá la ọ̀pá ní ìparí àkókò, ẹ lè rò pé agbọ́n ti ṣẹ́gun pátápátá. Ìṣẹ́gun tó dé lẹ́yìn ìkórè ni.

Ọ̀nà láti mú kí wọ́n tètè dé wà, kò sì jẹ mọ́ ríra. Koríko kan wà tó ń jẹ́ Paspalum scrobiculatum, tó sábà máa ń hù lẹ́bàá oko ìrẹsì. Kantíkantí tirẹ̀ ni Orseolia bonzii, kò sì kan ìrẹsì. Ṣùgbọ́n Platygaster diplosisae àti Aprostocetus procerae ń jẹ òun náà. Nígbà tí ìrẹsì kò sí lóko, inú koríko yìí ni agbọ́n ti lè rí oúnjẹ. Ẹni tó bá ro etí oko rẹ̀ mọ́ tónítóní nítorí ìmọ́tótó ti lé ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kúrò nílé. Ẹ má wá fi gbogbo koríko sílẹ̀ o: ìrẹsì igbó tí wọ́n ń pè ní Oryza longistaminata àti ìrẹsì tó tún rú lẹ́yìn ìkórè ń tọ́jú kantíkantí tó ń ba ìrẹsì jẹ́ gan-an. Àwọn yẹn ni ká ro kúrò. Nípa koríko etí oko, ẹ mọ èyí tí ẹ ń gé.

Kantíkantí àlìkámà: ẹ̀san ọdún tó ń bọ̀

Sitodiplosis mosellana kì í jọ ti ìrẹsì. Ìran kan ni lọ́dún. Ìrọ̀lẹ́ ló ń fò, á yé ẹyin sórí ṣírí àlìkámà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ìdin rẹ̀ á máa fa omi hóró mu. Lẹ́yìn náà á já bọ́ sílẹ̀, á wé ara rẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, á sùn títí òtútù á fi kọjá.

Ọ̀tá rẹ̀ tó lókìkí ni Macroglenes penetrans, agbọ́n inú. Ó máa ń jáde láti inú ilẹ̀ ní ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn kantíkantí, kí ẹyin tó fẹ́ yé sí ti wà nílẹ̀ dè é. Ẹ wo bó ṣe ṣe é: ọmọ rẹ̀ á wọ inú ìdin, ìdin á jẹ àlìkámà tẹ́rùn, á bọ́ sílẹ̀, á sùn sínú ilẹ̀ pẹ̀lú ọmọ agbọ́n nínú, ìgbà tí ilẹ̀ bá tún móoru lọ́dún kejì ni ọmọ agbọ́n á tó jẹ ẹ́ tán. Ohun tí ìdin náà fẹ́ bàjẹ́ lọ́dún yìí, ó ti bà á jẹ́. Ẹni tó bá ń wá agbọ́n tó máa gba hóró tó wà lórí ṣírí lónìí kò ní rí i níbí.

Síbẹ̀ kò yẹ kí á fojú di í. Kantíkantí yìí bẹ́ sílẹ̀ gan-an ní Saskatchewan, ní Kánádà, lọ́dún 1983. Agbọ́n náà, tó ti Yúróòpù wá bí onílé rẹ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì ń pa nǹkan bí ìdá 30 sí 40 nínú 100 lára wọn. Ní àwọn ọdún 1990 ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé Platygaster tuberosula kún un láti Yúróòpù.

Ohun tó wá jẹ́ kí agbọ́n yìí wúlò jù ni bí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ṣe fi oògùn mọ níwọ̀n. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń lọ sínú oko láti ka kantíkantí, láti ìgbà tí ṣírí bá ti yọ títí dé ìgbà tó bá tanná. Bí wọn kò bá rí tó kantíkantí 1 lórí ṣírí 4 tàbí 5, wọn kì í fín oògùn nítorí iye ìkórè. Bí àlìkámà bá ti tanná, fífín kò wúlò mọ́, torí ìdin ti wọlé. Agbọ́n tó ń rìn lórí ṣírí láti wá ẹyin ni oògùn tó pẹ́ dé máa pa.

Irúgbìn tún wà tó ń bá agbọ́n ṣiṣẹ́. Àlìkámà tó ní apilẹ̀ àbùdá Sm1 ń pa ìdin yìí bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ hóró. Láti 2010 tí wọ́n ti gbé e jáde fún àgbẹ̀ ní Kánádà, wọn kì í tà á ní òun nìkan: ìdá 10 nínú 100 irúgbìn inú àpò jẹ́ èyí tí kantíkantí lè jẹ. Wọ́n ṣe é kí kantíkantí tó lè borí Sm1 má bàa gba oko, àmọ́ agbọ́n náà ń jàǹfààní, nítorí oúnjẹ rẹ̀ kò tán. Bí mo bá ní láti yan nǹkan kan ṣoṣo fún oko àlìkámà tí kantíkantí yìí ti mọ ilé rẹ̀, irúgbìn yìí ni mo máa yàn, màá sì jẹ́ kí agbọ́n ṣe ìyókù.

Èyí tí wọ́n fi orúkọ ọmọ ogun pè

Mayetiola destructor ti wà lẹ́nu àwọn ará Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1770, nígbà tí wọ́n rí i ní Long Island tí wọ́n sì dì í ru àwọn ọmọ ogun Hesse láti Jámánì, pé inú koríko gbígbẹ tí wọ́n kó wá ló wà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Hessian fly. Thomas Say ló fún un ní orúkọ Látìn lọ́dún 1817.

Platygaster hiemalis ń yé sínú ẹyin rẹ̀ lórí ewé. Ìdin á sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìdí igi, á jẹun, á wọ inú èèpo pupa rúsúrúsú kan tó jọ hóró irúgbìn, inú èèpo yẹn ni ọmọ agbọ́n á ti parí iṣẹ́. Eupelmus allynii ń gún un láti ìta. Ìfiwéra kan náà la tún bá pàdé: ti inú ń dín ìran tó ń bọ̀ kù, ti ìta ń pa èyí tó ti jẹun tán. Kò sí èyí tó máa gba igi tí ìdin ti jókòó sí ní ìdí. Nítorí náà pípẹ́ gbìn, títí àwọn eṣinṣin tó ń fò ṣáájú òtútù á fi kú tán, ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ohun tó yẹ kí ẹ rò ni pòròpórò: bí ẹ bá rì í mọ́lẹ̀ jìn láti pa èèpo eṣinṣin, agbọ́n tó wà nínú èèpo náà bá a lọ. Bí púpọ̀ èèpo bá ní agbọ́n nínú, mi ò ní rì í. Bí kò bá ní, màá rì í.

Ọkà bàbà, óòtì àti báálì, kíákíá

Lórí Atherigona soccata, mi ò ní gbára lé agbọ́n. Ẹyin rẹ̀ funfun, ó gùn, lábẹ́ ewé ọ̀gbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù, láàrin ọjọ́ díẹ̀ ó ti pa, ìdin ti gé ọ̀mùnú, ewé àárín ti gbẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ni gbogbo ewu wà, agbọ́n kò sì tíì pọ̀ nígbà náà. Ẹ tètè gbìn, kí gbogbo agbègbè gbìn pọ̀. Kantíkantí òdòdó ọkà bàbà ń fẹ́ ìmọ̀ràn kan náà, torí ìran rẹ̀ kan kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ: oko tó tanná lẹ́yìn gbogbo oko yòókù ló ń gba gbogbo kantíkantí tí wọ́n bí. Agbọ́n méjèèjì tó wà nínú àtẹ ń pọ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀, ó sì dára kí á má pa wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni wọ́n ń tọ̀.

Lórí Oscinella frit àti Chlorops pumilionis, agbọ́n tó wà nínú oko ti ń ṣe tirẹ̀ láìsí ariwo. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ká rà á, àbí ká tọ́jú èyí tó wà?

Agbọ́n wà fún títà lóòótọ́. Trichogramma ni wọ́n ń tọ́ jù, lórí ẹyin àfòpiná (irú labalábá tó ń fò lóru) inú ilé ìtọ́jú, wọ́n á lẹ̀ ẹyin náà mọ́ páálí kékeré tí ẹ máa so mọ́ ewé. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ni pípa ẹyin àfòpiná tí ìdin rẹ̀ ń gbẹ́ inú igi àgbàdo àti ìrẹsì. Àfòpiná kì í ṣe eṣinṣin. Wọ́n ti rí Trichogramma chilonis nínú ẹyin Atherigona, ṣùgbọ́n láti rí i níbẹ̀ àti láti gbára lé e fún ìyẹn jẹ́ ohun méjì. Ẹni tó bá ra páálí Trichogramma nítorí ọ̀pá funfun inú ìrẹsì ti ra ajá ọdẹ láti fi mú ẹja.

Agbọ́n eṣinṣin tí wọ́n ń tà ní tòótọ́, irú bíi Diglyphus isaea (ìta) àti Dacnusa sibirica (inú), ìdin tó ń gbẹ́ ewé ẹ̀fọ́ nínú ilé onígíláàsì ni wọ́n wà fún. Nínú ilé tó ní ògiri, agbọ́n tí ẹ tú sílẹ̀ kò ní lọ. Oko ọkà kò ní ògiri. Ìdajì ọ̀nà ni afẹ́fẹ́ á ti gbé e lọ.

Kí ló wá kù? Èyí tó wà nílẹ̀. Fún gbogbo eṣinṣin inú àtẹ yẹn, agbọ́n ti wà níbi tí eṣinṣin wà, kò gba kọ́bọ̀, kò sì nílò páálí. Ohun tí ẹ ń yàn ni bóyá ẹ máa fín oògùn sí i lórí tàbí ẹ kò ní fín. Lórí ọ̀pá ìrẹsì, ìyẹn rọrùn láti pinnu: nígbà tí ojú yín bá rí ọ̀pá, ìdin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di eṣinṣin, oògùn tí ẹ bá fín lórí ewé kò ní dé inú rẹ̀, agbọ́n tó ń rìn lórí ewé ló máa bá.

Ìgò tó ń sọ òótọ́

Ẹ lè mọ̀ bóyá agbọ́n yín pọ̀ tó. Ẹ gé ọ̀pá funfun bíi 50 láti ibi yíyàtọ̀ nínú oko, kì í ṣe etí oko nìkan, kí ẹ fi wọ́n sínú ìgò títí ohun tó wà nínú wọn á fi jáde. Ẹ má ti ìgò pa. Èmi ti ìgò àkọ́kọ́ mi pa dan-in, ó hu bọ́bọ́, ó rùn, mo dà á nù. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ fi bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ fi rọ́bà dì í.

Ìgò kejì tilẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gbogbo ọ̀pá ni mo kó sínú ìgò kan, nígbà tó di ọjọ́ bíi mélòó kan, ohun dúdú wẹ́wẹ́ kún inú rẹ̀, kantíkantí díẹ̀ sì wà láàrin wọn. Mo kà wọ́n, mo ní agbọ́n ti pa ohun tó lé ní ìlàjì dáadáa, mo sì ń yọ̀ kiri. Mo ti gbàgbé pé ìdin kan ló lè bí gbogbo ogunlọ́gọ̀ yẹn. Agbọ́n ni mo kà. Ọ̀pá ló yẹ kí n kà. Láti ìgbà náà, ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ní ike kékeré tirẹ̀. Ọ̀pá tí agbọ́n jáde nínú rẹ̀, ì báà ṣe 1 tàbí 40, ẹyọ kan ni.

Ẹ má fi dúdú àti kékeré nìkan dá wọn mọ̀. Kantíkantí ní ìyẹ́ méjì, ẹsẹ̀ gígùn, ìwo rẹ̀ gùn bí okùn ìlẹ̀kẹ̀. Agbọ́n ní ìyẹ́ mẹ́rin tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ìwo rẹ̀ sì ká bí ìgúnpá. Awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá á jẹ́ kí ẹ rí i. Bí ẹ kò bá ní sùúrù ìgò, ẹ wo ọ̀pá tó ti gbẹ lóko: èyí tí kantíkantí gbà jáde ní ihò lókè, awọ rẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀ ṣì há sẹ́nu ihò náà.

Ike mélòó kan wà lójú fèrèsé mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Agbọ́n ti ń rìn yí ká nínú púpọ̀ nínú wọn, wọ́n ń fi ìwo lu ara ike tọ́-tọ́-tọ́. Lọ́la ni màá gbé wọn padà sí etí oko, níbi tí Paspalum ti hù, kí n tó tú aṣọ ẹnu wọn.